Ọjọ́ tí Àáró Kan Síkírù

Ẹ bá yà nílé Síkírù ní Òwu lónìí, ẹ ó bá ọkùnrin kan tó máa bẹ̀rẹ̀ àwàdà kí ẹ tó kí i tán. Ẹ̀wù rẹ̀ á ti rí áyọ́ọ̀nù, irùngbọ̀n rẹ̀ á ti rí gígé. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ á ní ọkùnrin yìí ò mọ ìṣòro rí. Àwa tí a jọ ń gbé àdúgbò mọ̀ pé irọ́ ni. Ọdún kan wà tí wọ́n so yìgì ọmọ rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí tí kò jìnnà sílé, tí lèmọ́mù ń bèèrè baba ọmọ, tí baba ọmọ sì wà nínú yàrá tí kò lè dìde.

Síkírù kì í ṣe ọ̀lẹ o, kí n tètè sọ ìyẹn. Stọ́ọ̀kípà ló ń ṣe ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà, Abẹ́òkúta ló sì ń gbé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti kírun, ó ti wọkọ̀ Èkó. Ìgbà tó bá fi máa padà, àwọn ọmọ á ti sùn. Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò pariwo. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan ni wọ́n pè wọ́n jọ, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, tí wọ́n kí wọn pé wọ́n kú iṣẹ́. Kú iṣẹ́ náà nù un! Ó délé, ó sọ fún Àfúsá ìyàwó rẹ̀ pé kò séwu, Alihamudulilahi, Ọlọ́run ò ní fi àwọn sílẹ̀.

Oorun ló kọ́kọ́ sá lójú rẹ̀. Oúnjẹ tẹ̀lé e. Nígbà tó yá, ìwẹ̀ náà di iṣẹ́ ńlá. A máa jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì láti àárọ̀, sálúbàtà á wà ní ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kejì á wà lófo. Bí Àfúsá bá bi í pé, "Bàbá Haleemah, ẹsẹ̀ kejì ńkọ́?", á ní, "Mo ń wọ̀ ọ́ bọ̀." Ìrọ̀lẹ́ á dé, kò ní tíì wọ̀ ọ́.

Ẹ wá gbọ́ ẹnu èèyàn! Àwọn kan ní ayé ló ń ṣe é. Àwọn kan ní àlùjànnú ni. Àbúdù àbúrò rẹ̀, tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọkùnrin ni yín, ẹ dìde jàre!" Bí ẹni pé ó ń dùn mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti wà nílẹ̀ níbẹ̀. Ilé ìwòsàn ni kò sẹ́ni tó fẹ́ dárúkọ. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, bí o bá ti dárúkọ Arò, ilé ìwòsàn ọpọlọ, wèrè ni aládùúgbò gbọ́. Bẹ́ẹ̀, ìgbéyàwó Haleemah, àkọ́bí rẹ̀, ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹ sì mọ̀ bí a ti ń ṣe é: ọmọ ò ní lọ sílé ọkọ kí ilé ọkọ má ṣèwádìí. Wọ́n á bèèrè lọ́wọ́ alájọgbélé, wọ́n á bèèrè lọ́wọ́ aláta ìdí ọ̀nà: ṣé kò sí wèrè nínú ìdílé yẹn ṣá? Nítorí ìbéèrè yìí ni wọ́n ṣe ti Síkírù mọ́lé, tí wọ́n ní ibà ló ń ṣe é.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n so yìgì Haleemah láìsí bàbá rẹ̀ níbẹ̀. Baba ọmọ ló yẹ kó di ọwọ́ ọkọ mú, kó sọ ọ́ létí gbogbo ìjọ pé òun fa ọmọ òun fún un. Àbúdù ló bá wọn ṣe é. Nígbà tí wọ́n ti mọ́ṣáláṣí dé, Haleemah wọ yàrá lọ tòun ti aṣọ ìyàwó lọ́rùn, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Bàbá, mo ti ń lọ o. Ẹ ṣúre fún mi." Síkírù gbọ́ ọ. Gbogbo ara rẹ̀ ló gbọ́ ọ. Ògiri ló dojú kọ, ọrùn rẹ̀ kò sì yí. Ọmọ náà kúnlẹ̀ títí, ó dìde, ó lọ.

Àfáà kan ló ṣí wọn lójú. Wọ́n ti gbé Síkírù kiri, ó ti mu omi hàntú, omi tí wọ́n fi fọ wàláà, yó, nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin yìí. Ó wò ó fín, ó ní, "Àfúsá, mi ò ní tàn yín jẹ. Àìsàn ni èyí, bí ibà ti jẹ́ àìsàn. Àdúà, màá ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà." Ọlọ́run á fún irú àfáà bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀mí gígùn.

Bí Síkírù ṣe dé ilé ìlera kan ní Ìbarà nìyẹn. Dókítà fún un lóògùn, ó ní ìsoríkọ́ lorúkọ àìsàn rẹ̀, àti pé oògùn nìkan kò tó. Ó fà á lé Nọ́ọ̀sì Hephzibah lọ́wọ́, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ rọra, ṣùgbọ́n tí kì í gba gbẹ̀rẹ́. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Nọ́ọ̀sì yìí máa ń kó àwọn tí àìsàn náà ń ṣe jọ, tí wọ́n á jókòó yí ara wọn ká, tí á máa kọ́ wọn bí èèyàn ṣe ń bá ọkàn ara rẹ̀ jìjàkadì. Oṣù mẹ́ta ni ẹ̀kọ́ náà. Ìdí ilẹ̀kùn ni Síkírù jókòó sí ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kó lè tètè sá.

Nọ́ọ̀sì kọjú sí i, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ sà. Báwo lara?"

"A dúpẹ́."

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan bú sẹ́rìn-ín. Bùsírátù lorúkọ rẹ̀, onídìrí ni, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹni tó ń dúpẹ́ kì í wá síbí o!"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ má bínú, òfin wa ló ń sọ. Bí ẹ bá wà níta, ẹ kí ara yín bó ṣe wù yín. Nínú yàrá yìí, 'a dúpẹ́' kì í ṣe ìdáhùn. Ẹ sọ bó ṣe rí."

Síkírù wo ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó rẹ̀ mí. Ẹnu tí mo fi ń sọ ọ́ pàápàá ti rẹ̀ mí." Ọ̀rọ̀ òótọ́ àkọ́kọ́ tó ti ẹnu rẹ̀ jáde láti ọjọ́ Jímọ̀ burúkú yẹn nìyẹn. Kò sí ẹni tó ní kó dìde, kò sì sí ẹni tó ní ọkùnrin ni.

Iṣẹ́ ilé àkọ́kọ́ tí wọ́n fún un ni sálúbàtà ẹsẹ̀ kejì. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì ní bó bá ti jí, kó wọ méjèèjì kó tó ro ohunkóhun. "Ẹ má dúró de kó wù yín kí ẹ tó ṣe é," ló sọ fún wọn. "Ẹ ṣe é ná, ó lè wá wù yín lẹ́nu iṣẹ́." Ó kọ́ wọn pẹ̀lú pé bí èrò burúkú bá dé, kí wọ́n má kàn gbà á gbọ́, kí wọ́n ní kó mú ẹlẹ́rìí wá. Ọjọ́ kan ni Síkírù ní òun ò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Bùsírátù ò jẹ́ kó sọ ọ́ tán: "Ẹlẹ́rìí dà? Àga ṣọ́ọ̀bù mi tó ń mì, ta ló kàn án? Àbí òkú ọ̀run ló wá kàn án ni?" Díẹ̀díẹ̀, oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn lẹ́nu rẹ̀, oorun sì rántí ilé rẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ ń parí lọ, Nọ́ọ̀sì sọ òtítọ́ fún wọn. Ó ní àìsàn yìí mọ ọ̀nà ilé. Ó lè padà wá kanlẹ̀kùn. Ìgbà náà ni Tíṣà Olúṣẹ̀yẹ, tó wà lára wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, dìde. Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ló ń lọ, Alábàtà ló ti ń dáko láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ó ní, "Nígbà ayé bàbá mi, kò sẹ́ni tí ń dá nìkan kọ ebè. Àáró ni wọ́n ń ṣe. Lónìí, gbogbo wa wà lóko rẹ. Lọ́la, ó di oko tèmi. Kò sẹ́ni tí ń bẹ̀bẹ̀, kò sẹ́ni tí ń ṣàánú ẹnì kan. Bó bá sì ti kàn ọ́, o ò lè ní kí wọ́n má wá. Ẹ jẹ́ ká bára wa dá àáró."

Ni wọ́n bá dá àáró. Oníkálukú sọ àmì tí wọ́n á fi mọ̀ pé àìsàn rẹ̀ ti padà dé, kí àwọn yòókù lè rí i bí òun fúnra rẹ̀ ò bá rí i. Síkírù ní, "Bí mo bá ti dá yín lóhùn pé a dúpẹ́, tí mi ò sọ nǹkan mìíràn kún un, ẹ máa bọ̀."

Ọdún méje ti kọjá. Àwọn kan láàárín àdúgbò ti yínmú sí i nígbà náà. Ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́ta! Ọ̀rọ̀ lásán tí wọ́n jókòó sọ! Ṣé ìyẹn lè dúró? Ó dúró o! Nígbà tí oyún bàjẹ́ lára Bùsírátù, tí kò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni, Síkírù ló lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó gbálẹ̀, ó fọ kóòmù, ó jókòó síbẹ̀. Àwọn oníbàárà ń bi í pé ta ló máa dirun, ó ní ọ̀gá ń bọ̀. Ọ̀gá náà sì dé, nígbà tó gbọ́ pé ọkùnrin onírùngbọ̀n kan ti gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ òun. Síkírù rí iṣẹ́ mìíràn, ó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rù-sí níbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ adìyẹ ní Alábàtà. Ibì kan ṣoṣo ló ṣì ń dùn ún. Haleemah ń wá nígbà Iléyá, á kúnlẹ̀ kí i, á gbé oúnjẹ kalẹ̀. Kì í sùn mọ́jú. Síkírù ò sì rí ẹnu sọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn.

Ọdún yìí ló wá kan Azeezat, àbúrò Haleemah. Inú gbogbo ilé ń dùn. Inú Síkírù náà ń dùn, títí di àárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí ìgbéyàwó ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tó ti jókòó pẹ́ sétí bẹ́ẹ̀dì kó tó wolẹ̀. Sálúbàtà wà ní ẹsẹ̀ kan. Ẹsẹ̀ kejì wà lófo. Ẹ̀rù bà á dé egungun. Èrò kan bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀: o dójú ti ẹ̀gbọ́n, wàá dójú ti àbúrò náà.

Kí ló yẹ kó ṣe? Kó ké ni. Kí ló ṣe? Ó bo ọ̀rọ̀ mọ́ra, bí gbogbo wa ti ń ṣe. Ta ló ń gbé ẹkún wọ ilé ayọ̀? Ilé ọkọ Azeezat sì ń ṣèwádìí lọ́wọ́. Ó sọ fún Àfúsá pé iṣẹ́ ló ń rẹ òun. Èyí ni àṣìṣe tó jẹ́ kó dojú kọ ògiri nígbà àkọ́kọ́, ó tún fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà sínú ẹ̀. Orí kunkun!

Bùsírátù pè é lórí fóònù lọ́jọ́ Jímọ̀. "Bàbá Haleemah, ẹ kú ìmúra o. Báwo lara?"

"Alihamudulilahi. A dúpẹ́."

"Ẹ ní kí ni?"

"Mo ní a dúpẹ́."

"Ó dáa," ni Bùsírátù wí, ó sì pa fóònù.

Lọ́jọ́ kejì, oòrùn ti yọ dáadáa, Síkírù ò tíì kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ló bá ń gbọ́ ìró àdá lẹ́yìnkùlé. Ó ti ṣèlérí pé òun á ro ibẹ̀ kí àlejò lè rí ibi jókòó sí. Koríko ti ga dé orúnkún. Ó yọjú lójú fèrèsé. Ta ló rí? Tíṣà Olúṣẹ̀yẹ, arúgbó tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó ká ṣòkòtò sókè, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ro oko. Bùsírátù ń kó koríko. Nọ́ọ̀sì Hephzibah ti fi gèlè di ìdí, ó ń fa gbòǹgbò.

Inú bí Síkírù. Ó jáde pẹ̀lú ẹsẹ̀ lófo. "Ta ló ránṣẹ́ pè yín? Mo ní mo fẹ́ ìrànlọ́wọ́ ni?"

Tíṣà ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Àáró ló kàn ọ́. Ọkọ́ rẹ nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri."

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ẹ̀yìn yín."

"Bí o bá fẹ́ kí n dìde, gba ọkọ́."

Kí ni ọmọlúàbí máa ṣe? Ṣé á dúró máa wo àgbàlagbà tó ń ro ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni? Ó gba ọkọ́. Ọkọ́ àkọ́kọ́ tó jù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ìkejì náà le. Nígbà tí òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lójú rẹ̀, ó rí i pé òun ti ń mí. Ó fara ti ọkọ́, ó ní, "Ó ti padà dé. Ó ní màá dójú ti ọmọ mi."

"Ẹlẹ́rìí ńkọ́?" ni Nọ́ọ̀sì wí.

"Haleemah ni ẹlẹ́rìí."

Bùsírátù sọ koríko ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè ní irọ́ ni, nítorí kì í ṣe irọ́. Nọ́ọ̀sì jókòó sórí òkìtì koríko, ó ní, "A ò ní purọ́ fún yín, sà. Ẹ̀rí ọdún yẹn nìyẹn. Lọ́dún yẹn, ta ló bá yín jókòó síbi ògiri?"

"Kò sí."

"Lónìí ńkọ́?"

"Ẹ má sọ pé kò sí o!" ni Bùsírátù pariwo. "Koríko yín ti gé mi lẹ́sẹ̀ méjèèjì!"

Síkírù rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà di ẹkún, ó sì sun ún níwájú gbogbo wọn. Àfúsá, tó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà láti ìgbà yẹn, wá gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro. Kí oòrùn tó mú, ẹ̀yìnkùlé ti mọ́ tónítóní.

Kò fi bò mọ́. Ó padà sọ́dọ̀ dókítà, ó gba oògùn. Ó pe Azeezat jókòó, ó sọ fún un. Èyí tó le jù ni pé ó mú Tíṣà lẹ́yìn, ó lọ bá bàbá ọkọ ìyàwó nílé, ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn: àìsàn ìsoríkọ́ ṣe òun rí, ó tún ń ṣe òun lọ́wọ́, òun sì ń tọ́jú rẹ̀. Bàbá náà wò ó, ó ní, "A ti mọ̀ tipẹ́. Ṣé ẹ rò pé a ò ṣèwádìí ni? Wọ́n ní ẹ ṣàìsàn, ẹ sì lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wò ó. Àwọn tó ń ṣàìsàn tí wọ́n ń sẹ́, àwọn là ń sá fún. Ẹ jókòó ká jẹun."

Àìsàn náà ò sáré lọ o. Àwọn àárọ̀ kan wà tó jẹ́ pé ìjà ni. Àwọn alááró ń gba ara wọn lẹ́nu iṣẹ́, bí Tíṣà ò bá wá, Bùsírátù á wá, á dúró lẹ́nu géètì, á máa kígbe, "Ṣé ẹsẹ̀ méjèèjì ni?" Síkírù á dáhùn láti inú ilé pé méjèèjì ni. Àwọn aládùúgbò rò pé wèrè ti ń ṣe Bùsírátù náà.

Ọjọ́ yìgì dé. Síkírù jí, ara rẹ̀ wúwo. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Àfúsá dúró, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wọ ọ̀kan. Ó mí kanlẹ̀. Ó wọ ìkejì. Ó dìde.

Ní mọ́ṣáláṣí, Àbúdù jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti wọ agbádá ńlá. Ó ní òun kàn wọ̀ ọ́ ni, nítorí ohun tó bá lè ṣẹlẹ̀. Lèmọ́mù wàásù tán, ó gbójú sókè, ó ní, "Baba ọmọ dà?" Àbúdù ti fẹ́ dìde. Síkírù gbé ọwọ́ lé e lórúnkún, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ní, "Jókòó, àbúrò. Èmi ni baba ọmọ."

Ó bọ́ síwájú. Ó di ọwọ́ ọkọ ìyàwó mú. Èrò yẹn tún gbé ẹnu sí i létí. Ó jẹ́ kó máa sọ tiẹ̀. Ó la ẹnu: "Èmi Síkírù, baba Azeezat, mo fa ọmọ mi fún ọ!" Ohùn náà jáde débi pé àwọn tó wà níta gbọ́. "Àlááhù Àkúbárù!" ni gbogbo ìjọ gbà. Tíṣà Olúṣẹ̀yẹ, tó dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́, kígbe "Halelúyà!", ló bá fọwọ́ bo ẹnu. Lèmọ́mù fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n ro ni wọ́n ti ń jẹun lẹ́yìn náà. Síkírù ń bá Nọ́ọ̀sì ṣàwàdà lọ́wọ́ nígbà tí Haleemah dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó fa ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ pupa náà, kò bìkítà aṣọ.

"Bàbá," ló wí, "ó ku tèmi."

Ohun tó ń sọ ò kọ́kọ́ yé Síkírù. Haleemah mú ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ó fi lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Ọkọ náà ní, "Ẹ̀yin bàbá, mo ti rò pé ẹ fẹ́ gbà á padà ni o!" Ṣùgbọ́n òun náà ti kúnlẹ̀.

Síkírù di ọwọ́ náà mú. "Èmi Síkírù, baba Haleemah, mo fa ọmọ mi fún ọ." Ó wá yí ọrùn, ó wo ojú ọmọ rẹ̀. "Ọmọ mi, mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn."

"Mo mọ̀, Bàbá. Ẹ ṣúre fún mi."

Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé e lórí, ó bẹ̀rẹ̀. Ó ṣúre títí oúnjẹ fi tutù, Haleemah ò sì dìde títí ó fi ṣe tán.